Yíyan Irinṣẹ́ fún Iṣẹ́ Microcontroller ní Èpìnmì-Àkókó

Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ ọ kò ju ọ̀kan lọ: kí o tó yan ṣíìpù, kọ́kọ́ yan ohun tí o máa fi mọ ìṣe ṣíìpù náà nígbà tí iṣẹ́ bá dàrú. Ọ̀pọ̀ ló ń kó gbogbo owó lé bọ́ọ̀dù àti sẹ́ńsọ̀, tí wọ́n á wá máa fi ìméfò wá àṣìṣe. Wáyà tó já nínú, iná tó ń rẹlẹ̀, sẹ́ńsọ̀ tó kú àti kóòdù tó ṣìnà, ìwà kan náà ni gbogbo wọn ń hù lójú ẹni tí kò ní irinṣẹ́: iṣẹ́ kò lọ. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Irinṣẹ́ àwárí-àṣìṣe ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí microcontroller lè ṣe ní Èpìnmì, Ìṣùà, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ kò lóǹkà. Ó lè yí ilé láti iná NEPA sí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà láìsí pé ẹnikẹ́ni dìde. Ó lè pa ẹ̀rọ bọ́hòólù nígbà tí táǹkì bá kún. Ó lè ṣọ́ bátìrì ínfátà, ó sì lè tọ́jú ooru inú àpótí tí ń bá adìẹ sàba ẹyin. Irú iṣẹ́ wọ̀nyí náà ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ Physics and Electronics ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, Àkùngbá, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ mànàmáná ní Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀, fún iṣẹ́ àṣekágbá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọjà. Ẹni tó bá ti Èpìnmì gba Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́ á rí wáyà, gílóòbù, súwíìsì, bátìrì àti ṣájà fóònù rà. Ṣíìpù, sẹ́ńsọ̀ àti irinṣẹ́ àwárí-àṣìṣe sábà máa ń ti Àkúrẹ́ tàbí Èkó wá, awakọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi wéébílì rán. Bí èyí tó dé kò bá bá iṣẹ́ mu, owó ti lọ, ọjọ́ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí yíyan fi jẹ́ apá kan iṣẹ́ gan-an.

Ìbéèrè mẹ́rin kí o tó náwó

Àkọ́kọ́: ṣé ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí iná? Irinṣẹ́ tó ń gba agbára láti ara kọ̀ǹpútà alágbèéká tàbí bátìrì ló yẹ kí o fi ṣáájú. Mítà tó ń lo bátìrì 9 V kò bìkítà fún NEPA. Ọ̀sílóskóòpù ńlá orí tábìlì ní tirẹ̀ á máa dúró de jẹnẹrétọ̀.

Èkejì: ṣé ó máa ṣiṣẹ́ láìsí détà? Sọ́fútíwíà tó bá ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ á já ọ kulẹ̀ lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára.

Ẹ̀kẹta: bí ó bá jóná, ṣé mo lè tètè rí òmíràn? Bọ́ọ̀dù tí gbogbo ọlọ́jà ní sàn ju èyí tó lágbára ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ṣoṣo ń tà.

Ẹ̀kẹrin, tó tún ṣe pàtàkì jù: ṣé mo lè dá kóòdù dúró láàárín ìrìn, kí n ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kí n sì mú un tẹ̀síwájú ní ìlà kọ̀ọ̀kan? Ìbéèrè yìí ni àwọn olùrà kì í sábà bi ọlọ́jà.

Bọ́ọ̀dù márùn-ún tí o máa bá pàdé

Arduino Uno ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni iṣẹ́ Arduino ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Uno fúnra rẹ̀ sì jáde ní 2010. Ṣíìpù rẹ̀, ATmega328P, ní 32 KB fún kóòdù, 2 KB péré fún iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀, ó ń sáré ní 16 MHz, 5 V ló sì ń lò. Oore rẹ̀ pọ̀: àpẹẹrẹ kún ilẹ̀, àwọn kan lára bọ́ọ̀dù náà sì ní ihò tí o ti lè yọ ṣíìpù tó jóná kí o fi òmíràn rọ́pò. Àléébù rẹ̀ ni pé kò rọrùn láti dá kóòdù rẹ̀ dúró. Ọ̀nà tó wà fún èyí, debugWIRE, ń gba orí pín-ìnnì RESET, kapásítọ̀ tí wọ́n so mọ́ RESET lára Uno sì ń dí i lọ́wọ́. Lórí Uno, nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kóòdù bá kọ jáde ni o máa gbára lé. Ṣọ́ 2 KB náà dáadáa: bí ọ̀rọ̀ tí ò ń tẹ̀ jáde bá pọ̀, ó lè kún, kí bọ́ọ̀dù máa ṣe ségesège láìsí ìkìlọ̀ kankan. Fi àwọn ọ̀rọ̀ gígùn sínú F( ) kí wọ́n lè dúró sí ààyè kóòdù.

PIC16F877A ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa fi kọ́ iṣẹ́. RAM rẹ̀, ìyẹn ààyè iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀, jẹ́ báìtì 368. Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń lò ó kò fi ṣe nǹkan kan ni pé PICkit tí wọ́n fi ń kọ kóòdù sínú rẹ̀ tún lè dá kóòdù náà dúró. Pín-ìnnì RB6 àti RB7 ló ń gbà. Bí o bá ń yàwòrán bọ́ọ̀dù rẹ, má so nǹkan mìíràn mọ́ méjèèjì.

Bọ́ọ̀dù STM32F103C8T6, tí àwọn èèyàn ń pè ní Blue Pill, ní 64 KB fún kóòdù àti 20 KB fún iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀, ó sì ń sáré dé 72 MHz. Wáyà SWDIO, SWCLK àti GND ni a fi ń so ó mọ́ irinṣẹ́ tó ń jẹ́ ST-Link, ìyẹn sì tó láti wo inú rẹ̀ tán pátápátá.

Raspberry Pi Pico jáde ní oṣù kìíní 2021 ní dọ́là 4. Ó ní 264 KB fún iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ àti 2 MB fún kóòdù. Láti kọ kóòdù sínú rẹ̀, o kàn máa tẹ BOOTSEL mọ́lẹ̀ bí o ṣe ń kì í bọ kọ̀ǹpútà, á yọ bí fílááṣì, wàá sì da fáìlì UF2 sínú rẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé Pico kan lè di irinṣẹ́ tí a fi ń wo inú Pico kejì. Fáìlì kan tó ń jẹ́ debugprobe ni wàá dà sínú ti àkọ́kọ́, wàá sì fi wáyà so ó mọ́ ẹnu SWD ti èkejì.

ESP32, tí ilé iṣẹ́ Espressif gbé jáde ní 2016, ni o nílò bí iṣẹ́ bá fẹ́ Wi-Fi. ESP32 ti ìpilẹ̀ nílò irinṣẹ́ mìíràn láti òde kó tó ṣeé dá dúró. ESP32-S3 àti ESP32-C3 ti ní tiwọn nínú, okùn USB lásán ti tó. Bí owó wọn bá sún mọ́ ara wọn, ra ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí.

Ìkìlọ̀ kan: 3.3 V ni pín-ìnnì Pico àti ESP32 ń gbà. Sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 tí a fi ń wọn omi inú táǹkì ń fi 5 V dáhùn. Fi résístọ̀ 1 kΩ àti 2 kΩ pín in kó tó wọlé, á sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 3.3 V.

Sọ́fútíwíà: gbé e wálé lẹ́ẹ̀kan, lò ó fún ìgbà pípẹ́

Arduino IDE ẹ̀dà 2, tó jáde ní 2022, ti ní ojú ibi tí a ti lè dá kóòdù dúró fún bọ́ọ̀dù tó bá gbà á. MPLAB X ni ti PIC, STM32CubeIDE ni ti STM32. Ẹni tó bá ń lo bọ́ọ̀dù oríṣiríṣi lè fi PlatformIO sínú VS Code. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo. Àkójọ ESP32 nìkan ń jẹ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì. Lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lágbára, fa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o sì tọ́jú fáìlì ìfisórí wọn sínú fílááṣì. Lórí Windows, fódà Arduino15 tó wà nínú AppData\Local ló ń kó àkójọ bọ́ọ̀dù sí. Bí o bá dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ tó ní Windows àti IDE kan náà, òun náà kò ní láti ra détà fún un.

Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀dà tuntun máa sáré rọ́pò ti àtijọ́. Àwọn ẹ̀dà MPLAB X tuntun kò gba PICkit 3 mọ́, bẹ́ẹ̀ PICkit 3 ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá pa ẹ̀dà àtijọ́ mọ́ kò ní ra irinṣẹ́ tuntun tipátipá.

Proteus àti Wokwi ń jẹ́ kí a dán iṣẹ́ wò láìra ṣíìpù tàbí sẹ́ńsọ̀ kankan. Lò wọ́n láti mọ̀ bóyá èrò inú kóòdù rẹ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n iná inú Proteus kì í rẹlẹ̀ àfi bí o bá mú kó rẹlẹ̀, okùn rẹ̀ kì í já, bọ́tìnnì rẹ̀ kì í sì gbọ̀n bí ti ojúlówó. Iṣẹ́ tó yege níbẹ̀ lè kọ̀ lórí fẹ́róbọ́ọ̀dù. Nígbà náà ni irinṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí á wúlò.

Irinṣẹ́ tí ń fi inú iṣẹ́ hàn ọ́

Iná kékeré kan ni àkọ́kọ́. Jẹ́ kí LED máa ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà tí kóòdù bá yípo. Bí ó bá dúró, o ti mọ̀ pé kóòdù há síbì kan, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí bọ́ọ̀dù ń tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. 115200 ni kí o lò dípò 9600 bí bọ́ọ̀dù bá gbà á, kí títẹ̀ ọ̀rọ̀ má baà fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Tẹ iye tí o kà, tẹ ìpinnu tí kóòdù ṣe, sì tẹ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí bọ́ọ̀dù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Bí kò bá sí iná, fóònù Android rẹ ti tó: okùn OTG àti áàpù Serial USB Terminal á fi ọ̀rọ̀ náà hàn ọ́ lórí pápá tàbí lẹ́bàá táǹkì.

Ẹ̀kẹta ni mítà, kò sì sí ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ nínú àpò rẹ. Wọn iná kí o tó wo kóòdù. Fi etí gbọ́ ìró rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wáyà já. Àmọ́ mọ ibi tí agbára mítà dé: nǹkan bí ìgbà méjì tàbí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ti olówó pọ́ọ́kú ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Iná tó rẹlẹ̀ fún ìdá kékeré péré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan á kọjá lójú rẹ̀ láìhàn.

Ẹ̀kẹrin ni logic analyzer kékeré oníhò 8 tó ń wo wáyà ní ìgbà mílíọ̀nù 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orí USB ló ti ń gba agbára, sọ́fútíwíà PulseView tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sì ń ka èdè I2C, SPI, UART àti 1-Wire fún un. Bí sẹ́ńsọ̀ bá dákẹ́, òun ni yóò sọ bóyá ṣíìpù kò béèrè ni, tàbí sẹ́ńsọ̀ ni kò dáhùn.

Ẹ̀karùn-ún ni irinṣẹ́ tí ń dá kóòdù dúró: ST-Link, PICkit, Pico kejì, tàbí èyí tó wà nínú ESP32-C3. OpenOCD tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló wà láàárín ọ̀pọ̀ wọn àti kọ̀ǹpútà. O máa fi àmì sí ìlà kan, kóòdù á dúró níbẹ̀, wàá sì rí iye gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì náà kì í pọ̀: PIC16F877A gba 1, ESP32 ti ìpilẹ̀ gba 2, Pico gba 4, Blue Pill gba 6. Fi wọ́n síbi tó yẹ.

Ká wo iṣẹ́ kan: àpótí ìsàba ẹyin

Ẹyin adìẹ ń fẹ́ nǹkan bí 37.5°C fún ọjọ́ 21 nínú àpótí tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn yípo. Ká ní Uno ni a lò, sẹ́ńsọ̀ DS18B20 ń ka ooru, rìlé sì ń tan gílóòbù. A tan án, gílóòbù kò sì kú mọ́. Inú àpótí ń gbóná sí i.

Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ á ní rìlé ti bàjẹ́, á sì ra òmíràn. Ìwọ ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Bí ó bá kọ −127, ọ̀rọ̀ ti yé ni: iye tí àkójọ kóòdù DallasTemperature ń dá padà nìyẹn nígbà tí kò bá rí sẹ́ńsọ̀. Kóòdù rẹ gba −127 gẹ́gẹ́ bí òtútù gidi, ó sì ń fi gbogbo agbára mú ẹyin gbóná. Rìlé kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Gbé mítà. Wọn iná sẹ́ńsọ̀ láàárín ẹsẹ̀ iná àti GND: 5 V ni o ń retí. Wọn wáyà ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, òun náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ 5 V, nítorí résístọ̀ 4.7 kΩ ló ń fà á sókè. Bí ó bá wà ní 0, résístọ̀ náà kò sí níbẹ̀ tàbí wáyà ti kan GND. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé síbẹ̀ tí sẹ́ńsọ̀ kò fọhùn, so logic analyzer. Wàá rí i tí Uno fa wáyà sílẹ̀ fún ó kéré tán 480 µs láti jí sẹ́ńsọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ fa wáyà sílẹ̀ fún 60 sí 240 µs láti fi hàn pé òun wà. Bí ìdáhùn yìí kò bá sí, sẹ́ńsọ̀ ni kí o rọ́pò.

Bí iye tó jáde bá jẹ́ 85, ọ̀nà mìíràn nìyẹn. Nọ́ńbà tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná nìyẹn, kó tó wọn ooru rárá. Ó lè jẹ́ pé kóòdù kò dúró tó 750 ms tí sẹ́ńsọ̀ nílò, tàbí pé iná sẹ́ńsọ̀ ń já. Wo rìlé nísinsìnyí. Okùn inú rìlé 5 V ń fa nǹkan bí 70 mA, bí ṣájà bá jẹ́ aláìlágbára, iná á rẹlẹ̀ bí ó ṣe ń tan. Bí ọ̀rọ̀ ìjí bọ́ọ̀dù náà bá tún ń jáde ní gbogbo ìgbà tí rìlé bá ta, o ti mú olè. Lórí ESP32, iṣẹ́ esp_reset_reason( ) á sọ fún ọ tààrà bóyá iná tó rẹlẹ̀ ló fà á. Fún rìlé ní iná tirẹ̀, so GND wọn pọ̀, kí o sì fi kapásítọ̀ 0.1 µF sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù.

Kí o tó pa kọ̀ǹpútà dé, tún kóòdù ṣe: iye èyíkéyìí tó bá jẹ́ −127, 85 tàbí tó bá jìnnà sí ooru tó bójú mu, kí gílóòbù kú, kí agogo sì dún. Iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀mí kò gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ààbò kò ṣeé fojú fò

Nígbà tí o bá dá kóòdù dúró, pín-ìnnì kì í padà sílé. Bí gílóòbù bá wà ní títàn, á wà bẹ́ẹ̀ títí tí o máa fi tẹ̀síwájú. Nítorí náà yọ gílóòbù, ẹ̀rọ omi tàbí hítà kúrò, fi LED sípò wọn, kí o tó máa dá kóòdù dúró.

Bọ́ọ̀dù tó ń gba 230 V láìsí tiransfọ́mà tàbí ṣájà tó ya iná sọ́tọ̀, má ṣe so ó mọ́ kọ̀ǹpútà láéláé nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Ó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn.

Bí a ṣe ń mọ ayédèrú

Kọ́kọ́ fura sí okùn USB. Ọ̀pọ̀ okùn ṣájà kò ní wáyà détà nínú, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí bọ́ọ̀dù rárá. Sàmì sí èyí tó dára kí o má baà yá a fún ẹni tó fẹ́ gba ṣáàjì.

Ọ̀pọ̀ Uno olówó pọ́ọ́kú ń lo ṣíìpù CH340 láti bá USB sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àléébù, ṣùgbọ́n tọ́jú dírafà rẹ̀ sórí fílááṣì. Àwòkọ tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe ara rẹ̀ ni kí o bẹ̀rù: ní oṣù kẹwàá 2014, dírafà FTDI tó gba orí Windows Update wọlé yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ayédèrú ṣíìpù FTDI sí 0, kọ̀ǹpútà kò sì dá wọn mọ̀ mọ́. Blue Pill pàápàá ní ayédèrú. Bí o bá so ó mọ́ ST-Link, OpenOCD máa ń ka 0x1ba01477 lára ojúlówó. Bí ó bá jẹ́ 0x2ba01477, ṣíìpù ilé iṣẹ́ mìíràn ni. Dán an wò kí àkókò tí ọlọ́jà fún ọ láti dá a padà tó kọjá.

Bí o ṣe máa tò ó rà

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mítà, okùn USB méjì tó dára, irin ìjóòjé àti bọ́ọ̀dù tí olùkọ́ tàbí ọ̀gá rẹ ń lò, kí o lè rí ẹni bi. Lẹ́yìn náà, ra Pico méjì, kí ọ̀kan máa wo inú èkejì. Ibẹ̀ ni o ti máa kọ́ bí a ṣe ń dá kóòdù dúró láìná owó ńlá. Ẹ̀kẹta, ra logic analyzer oníhò 8. ESP32-C3 tàbí S3 lè tẹ̀ lé e nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ kí iṣẹ́ máa bá fóònù sọ̀rọ̀. Ọ̀sílóskóòpù lè dúró títí iṣẹ́ ínfátà àti iná tó ń yí padà kíákíá yóò fi mú owó rẹ̀ wá. Bí ẹ bá pọ̀ ládùúgbò kan náà, ẹ lè dá owó rà á, kí ó máa yí láàárín yín.

Lọ́jọ́ tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá dé, má tíì fi í sí iṣẹ́ oníbàárà. Mú LED ṣẹ́jú, tẹ ọ̀rọ̀ jáde, dá kóòdù dúró lórí ìlà kan, kí o sì ka iye tó wà níbẹ̀. Fọwọ́ ara rẹ yọ résístọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan, kí o wo bí àṣìṣe náà ṣe ń hàn lórí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o kọ ọ́ sínú ìwé, kí o sì dá a padà. Nígbà tí o bá ti lè fi ẹnu ara rẹ sọ àmì tí wáyà tó já, iná tó rẹlẹ̀ àti kóòdù tó há máa ń fi hàn, o lè gba iṣẹ́ ẹni tí ẹyin tàbí omi rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì ṣèlérí ọjọ́ tí o máa gbé e fún un.